Igi Ibòji Tí Eṣú Kò Jẹ

Kì í ṣe nítorí kòkòrò ni a fi mú igi dóńgóyárò wá sí Nàìjíríà. Láti Gánà ni kóró rẹ̀ ti dé Borno ní ọdún 1928. Ibòji àti igi ìdáná ni ìjọba amúnisìn ń wá. Hausa sọ ọ́ ní dogon yaro, èyíinì ni ọmọkùnrin gíga, Yorùbá sì gba orúkọ náà. Ní Íńdíà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ewé rẹ̀ sáàárín ọkà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìmọ̀ yìí kò bá kóró náà rin ìrìn àjò.

Ní 1959, eṣú bo ilẹ̀ Sudan. Heinrich Schmutterer, onímọ̀ ará Jámánì, rí i pé wọ́n jẹ ewé igi gbogbo tán, àfi ti dóńgóyárò. Ní 1968 ni wọ́n yọ èròjà inú rẹ̀, azadirachtin, sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ a máa kọ̀ kòkòrò lẹ́nu nítorí rẹ̀, ọmọ kòkòrò kì í sì í lè bọ́ awọ dàgbà. Ẹ̀wà tí a bá fi òróró kóró náà pa, ẹyin kòkòrò ara rẹ̀ kì í sábà pa.

Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ti mọ Gammalin 20, tí ń pa kòkòrò kíákíá, kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní 2009 ni Àdéhùn Stockholm ka lindane, oró inú Gammalin, mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò lóko.