Bí èèyàn ṣe lè yan ìwé tó dára lórí ọ̀gbìn òdòdó róòsì

Ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó róòsì síwájú ilé rẹ̀ ní Ìbàfò, ìpínlẹ̀ Ògùn, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìwé tí àwòrán rẹ̀ rẹwà ló lè ràn án lọ́wọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n sì ṣe ń dáàbò bo róòsì lọ́wọ́ yìnyín ni wọ́n ń sọ. Òjò àti ooru ni ti Ìbàfò.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní wíwò ni ibi tí òǹkọ̀wé ti ṣiṣẹ́. Ọgbà Peradeniya ní Sri Lanka, ilẹ̀ olóoru, ni H. F. Macmillan wà tó fi gbé ìwé rẹ̀ lórí ọ̀gbìn jáde lọ́dún 1910.

Èkejì ni àrùn tó máa ń fi àmì dúdú sára ewé róòsì. Ewé tó bá tutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló máa ń mú. Ìwé tó dára yóò dárúkọ àwọn ẹ̀yà tó lè dènà rẹ̀, yóò sì ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ ká bomi sí ìdí òdòdó, kì í ṣe sórí ewé.

Ẹ̀kẹta ni ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣì ń dárúkọ DDT, bẹ́ẹ̀ àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001 kò fàyè gbà á fún ọ̀gbìn mọ́. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ kì í tètè gbó, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn lórí oògùn kòkòrò máa ń gbó.