Yíyẹ Ẹ̀tọ́ Wò Kí A Tó Lo Kóòdù Ẹlòmíràn

Ṣàṣà ni sọ́fítíwíà open source, èyí tí wọ́n gbé kóòdù rẹ̀ síta kí ẹlòmíràn lè lò ó, tí ẹnì kan ṣoṣo kọ gbogbo ìlà rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń mú kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ, wọn a dà á pọ̀ mọ́ tiwọn. Yíyẹ ẹ̀tọ́ wò ni iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú ìdàpọ̀ yẹn: ta ló kọ kóòdù náà, láísẹ́ńsì wo ló fi gbé e síta, ǹjẹ́ láísẹ́ńsì ọ̀hún bá tiwa mu, ǹjẹ́ pátẹ́ǹtì tàbí ìforúkọsílẹ̀ kan tún so mọ́ ọn? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù gbà pé ohun tó bá ti wà lórí GitHub, ti gbogbo ayé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ní láísẹ́ńsì kankan lára gan-an ló léwu jù, torí ẹni tó kọ ọ́ kò tíì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti mú un sínú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ka kóòdù kọ̀ǹpútà kún iṣẹ́ lítíréṣọ̀, bí ìwé ìtàn àròsọ. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 1988, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú èyí tó rọ́pò rẹ̀, Òfin 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹ̀tọ́ náà kò dúró de ìgbà tí èèyàn bá lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, ó sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ iṣẹ́ náà. Bí o bá sì gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ pé kó bá ọ kọ sọ́fítíwíà, owó tí o san nìkan kò sọ ọ́ di ẹni tó ni kóòdù náà, àfi tí ìwé àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn wá jù, orí bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kọ èdè wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Lagos Analysis Corporation, tí wọ́n ń pè ní Lancor, ilé-iṣẹ́ tí Adé Oyègbọlá jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Natick, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló ṣe kíbọọ̀dù tí wọ́n sọ ní Konyin. Bọ́tìnì Shift mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ dípò méjì, kí òǹkọ̀wé Yorùbá, Ígbò tàbí Haúsá lè rí àmì orí àti àmì abẹ́ tẹ̀ láìsí wàhálà. Lásìkò kan náà, One Laptop Per Child, àjọ tí Nicholas Negroponte dá sílẹ̀, ń ṣe láptọ́ọ̀pù XO fún àwọn ọmọ iléèwé. Linux, sọ́fítíwíà open source tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Lancor ní àjọ náà ra kíbọọ̀dù Konyin méjì, ó tú kóòdù tó ń darí rẹ̀ palẹ̀, ó sì lo ohun tó rí níbẹ̀ fún kíbọọ̀dù XO ti Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, Lancor gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 20 dọ́là fún òun. Èsì àjọ náà ni pé gbogbo ohun tó wà nínú XO, tòun ni tàbí kí òun ní àṣẹ láti lò ó.

Kíbọọ̀dù kan ṣoṣo, àmọ́ ohun mẹ́ta ló wà nínú ẹjọ́ yìí, àwọn tó ń jiyàn lé e lórí nígbà náà sì ń lọ́ wọn pọ̀. Èrò pé kí àmì ohùn ní bọ́tìnì tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ni ín. Ìrísí kíbọọ̀dù jẹ́ ohun tí èèyàn lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin pátẹ́ǹtì àti ìrísí ọjà ti 1970: ọdún 5 ni ìforúkọsílẹ̀ náà ń lò, a sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Kóòdù tó ń darí rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àdàkọ bò. Ẹni tó bá jókòó kọ kóòdù tirẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ kan náà kò jí kóòdù ẹnikẹ́ni, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ lè fi ẹ̀rí hàn pé òun ló kọ ọ́. Lójú tèmi, fáìlì kékeré tó ń sọ fún Linux pé bọ́tìnì yìí ni ẹ, tọ̀hún ni ọ, ló yẹ kí àwọn lọ́yà kọ́kọ́ béèrè fún: ta ló kọ ọ́, ọjọ́ wo, kí ló ń wò nígbà tó ń kọ ọ́?

Linux náà ti rí irú ẹ̀ rí. Ní 2003, ilé-iṣẹ́ SCO pe IBM lẹ́jọ́ pé ó ti kó kóòdù Unix òun sínú Linux. Wàhálà yẹn ló mú kí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, gbé ìlànà tuntun kalẹ̀ ní 2004, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mú kóòdù wá fi orúkọ rẹ̀ sí i, kó jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi í sílẹ̀. Ẹjọ́ SCO kò parí títí di 2021. Apache Software Foundation, àjọ kan tó ń bójú tó sọ́fítíwíà open source, le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó pín láísẹ́ńsì sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó sì ní àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá. Ní 2016 ó fi láísẹ́ńsì JSON kún wọn, torí pé ó pàṣẹ kí a fi sọ́fítíwíà náà ṣe rere, kí a má fi ṣe ibi. Àdúrà dáadáa ni, ṣùgbọ́n adájọ́ wo ni yóò wọn ibi?

Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ìkòròdú Industrial Estate lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ká ní ó ń to ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná sólà, tí Linux àti BusyBox, àkójọ irinṣẹ́ kéékèèké tó ń bá Linux rìn, sì wà nínú rẹ̀. Láísẹ́ńsì GPL ẹ̀dà kejì ló wà lórí méjèèjì. Lọ́jọ́ tó bá ta ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó di dandan kó fún oníbàárà ní kóòdù náà, tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè fún un, ìlérí yẹn kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 3. Bí ó bá tún da kóòdù tó wà lábẹ́ láísẹ́ńsì Apache 2.0 pọ̀ mọ́ ti BusyBox, ó ti ṣe ohun tí Free Software Foundation, àjọ tó kọ GPL, sọ pé kò bára mu; GPL ẹ̀dà kẹta ti 2007 ló gba irú àdàpọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sórí kóòdù nìkan. JW300, àkójọ ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní 300 tí wọ́n kó láti inú ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, ni ọ̀pọ̀ fi kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá lẹ́yìn 2019, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níta nítorí ẹ̀tọ́ àdàkọ. Fọ́ńtì náà ní òfin tirẹ̀: bí ẹni tó ṣe fọ́ńtì lábẹ́ láísẹ́ńsì SIL bá ti ya orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹni tó bá tún àmì abẹ́ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fún un ní orúkọ mìíràn.

Ìwọ tó ń ṣe sọ́fítíwíà Yorùbá lónìí, ṣí fáìlì kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ orúkọ kóòdù kọ̀ọ̀kan tó o yá, ibi tó o ti rí i, ẹni tó ni ín àti láísẹ́ńsì rẹ̀ sínú rẹ̀. Èyí tí o kò bá rí olówó rẹ̀, yọ ọ́ kúrò kó o kọ tìrẹ.