Ojalá

Ojalá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Sípáníṣì tí wọ́n fi ń sọ ohun tí ọkàn ń fẹ́, àmọ́ tí kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Wọ́n ń pè é bí “ohalá”.

Orírun

Inú èdè Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ ní Al-Andalus, ilẹ̀ Sípéènì lábẹ́ àwọn Mùsùlùmí, ló ti wá: law šá lláh, “bí Ọlọ́run bá fẹ́”. Ọdún 711 ni àwọn Mùsùlùmí wọ ilẹ̀ Sípéènì. Granada, ìjọba wọn tó kẹ́yìn níbẹ̀, ṣubú lọ́dún 1492. Ìjọba lọ, ọ̀rọ̀ kò lọ. Bí àlàáfíà àti wákàtí, tí àwọn náà wá láti inú Lárúbáwá, ṣe di ti gbogbo Yorùbá, ìbáà ṣe onígbàgbọ́ tàbí oníṣẹ̀ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ojalá wà lẹ́nu àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà àti ẹni tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá.

Ìlò

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀lé e ló ń sọ bí ìrètí ṣe tó. Ojalá llueva, “kí òjò rọ̀ o”: ó ṣeé ṣe. Ojalá lloviera, “òjò ì bá jẹ́ rọ̀”: kò dájú. Ojalá hubiera llovido, “òjò ì bá mà ti rọ̀”: ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi que kún un, bó ṣe wà nínú àkọlé orin Juan Luis Guerra, ọmọ Dominican Republic, ti ọdún 1989: Ojalá que llueva café, kí òjò kọfí rọ̀.

Ó tún ń dá dúró. Bí wọ́n bá ní ara ìyá rẹ á yá láìpẹ́, “¡Ojalá!” ni ìdáhùn, bí ẹni ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ìjọba máa tún títì ṣe lọ́sẹ̀ yìí, “ojalá” tí wọ́n fi ẹ̀rín sọ túmọ̀ sí pé ojú là ń wò.

Oxalá

Àwọn Potogí ní oxalá, tí orírun àti ìtumọ̀ rẹ̀ bá ti ojalá mu. Ní Brasil, Oxalá mìíràn wà tó jẹ́ Òrìṣàńlá, orúkọ tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé débẹ̀. Ohùn wọn jọra, wọn kò bá ara wọn tan. Ní ìlú Salvador ní Brasil, ẹni tó wọ funfun lọ́jọ́ Ẹtì nítorí Oxalá, òrìṣà ló ń bọlá fún. Ẹni tó ní oxalá chova, òjò ló ń tọrọ.