Inquest: Ìwádìí Ikú Lábẹ́ Òfin
Inquest ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìwádìí tí a ń ṣe ní gbangba láti mọ ẹni tí òkú kan jẹ́, ìgbà àti ibi tí ó kú sí, àti bí ikú náà ṣe wáyé. Láti inú inquirere, ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí wíwá ìdí ọ̀ràn, ni ọ̀rọ̀ náà ti gba èdè Faransé àtijọ́ wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Coroner, adájọ́ tí ń darí ìwádìí náà, ti wà láti ọdún 1194, ẹ̀tọ́ adé ọba ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣọ́. Ìwádìí yìí kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àmọ́ òtítọ́ tí ó ń gbé jáde ṣe iyebíye fún ẹbí olóògbé. Ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ lórí irú ìwádìí yìí ní 2007.