Ìtàn Gíríìsì Àtijọ́: Láti Gírámà Sùkúù Dé Pọ́díkáàsì

Ọ̀nà tí ìtàn Gíríìsì àtijọ́ gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò lójú kan. Ohun tí oníkálukú kọ sílẹ̀ kì í sì í sábà bára mu.

Àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) ló kọ́kọ́ gbé e dé. Ajayi Crowther ti kọ́ Látìn àti Gíríìkì ní Fourah Bay, ní Sàró. Ní oṣù kẹfà ọdún 1859, àna rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà, Gíríìkì sì wà lára ẹ̀kọ́ wọn. Fásitì Ìbàdàn tẹ̀ lé e lọ́dún 1948. Ibẹ̀ ni Wole Ṣóyínká ti kọ́ Gíríìkì.

Àmọ́ orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ti pàdé àwọn ará Gíríìsì. Ọla Rotimi sọ Ọba Oedipus ti ìlú Thebes di Ọdẹ́wálé, ẹni tó pa bàbá rẹ̀, tó sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya láìmọ̀. Ọdún wo ni eré náà, The Gods Are Not to Blame, jáde? Àwọn kan ń kọ 1968, àwọn mìíràn 1971. Lọ́dún 1968 ni wọ́n ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀. 1971 ni ìwé rẹ̀ jáde. 1968 ni kí akọ̀tàn mú, nítorí eré kì í dúró de ìwé. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà mú àwọn obìnrin Troy tí Euripides kọ, ó gbé wọn sínú ìparun Òwu, ó sì pe eré náà ní Women of Owu (2004).

Ní ti àríyànjiyàn bóyá Herodotus, akọ̀tàn Gíríìsì àtijọ́, ka ìtàn rẹ̀ sókè fún èrò ní Olympia, kí wọ́n máa jà á lọ. Lucian tó sọ bẹ́ẹ̀ gbé ayé ní nǹkan bí 600 ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Etí ló wá gba iṣẹ́ ojú. Ètò In Our Time bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò BBC lọ́dún 1998, ó sì ti sọ̀rọ̀ lórí Sparta àti ogun Thermopylae. Ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn Ben Hammersley kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà “podcasting” sínú ìwé ìròyìn Guardian. Mike Duncan bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì lórí ìtàn Róòmù lọ́dún 2007; ti Gíríìsì, tí Ryan Stitt ṣe, dé lọ́dún 2016.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ àjàgbé ń há mọ́ Marine Beach ní Àpápá, ọ̀dọ̀ Stitt ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ó to ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ gbà á sórí fóònù nílé kí ẹ tó jáde, kí dátà yín má baà tán lójú ọ̀nà.