Aṣọ Ọkùnrin, Aṣọ Obìnrin: Ìtàn Tí Òbí Ìgbómìnà Jogún

Nínú igbó tí ó wà lẹ́bàá ìlú Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni àwọn ère òkúta tí iye wọn lé ní 800 jókòó sí láti ayébáyé, kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., tó ròyìn wọn fún ìjọba ní ọdún 1933, tí wọ́n sì wá kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí ọkùnrin, yóò rí obìnrin, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n di irun tí ó gún régé, ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Yóò sì rí obìnrin tí ó gbé àdá lé èjìká bí ológun. Àwọn àgbà Èsìẹ́ a máa sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n. Ẹni yòówù tí ó gbẹ́ wọn, kò ka àdá sí ohun èlò ọkùnrin nìkan.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi rántí àwọn ère náà ni èyí tí ó ń da ilé rú lóde òní, tí àwọn òbí kì í sọ àfi lábẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 14 tàbí 16 yóò jókòó ti ìyá rẹ̀, yóò sọ pé ọkùnrin ni gbogbo ayé ń pe òun, ṣùgbọ́n obìnrin ni òun mọ ara òun sí. Tàbí kí ẹni tí a bí ní obìnrin sọ pé ọkùnrin ni òun. Àwọn tí aráyé ń pè ní transgender nìyẹn. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí ni pé a kì í ṣe é nílẹ̀ wa, pé òyìnbó ni ó kó o dé. Ẹni tí ó mọ ìtàn yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tìṣọ́ratìṣọ́ra kí ó tó gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀yọ́, nítorí ó pẹ́ tí Ìgbómìnà fi wà lábẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí ogun Tápà ti lé àwọn Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n sì fi Ìgbòho ṣe ibùjókòó, Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ gorí ìtẹ́. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá ti Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, ọkùnrin ni Aláàfin náà. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí Robert Smith tẹ̀ jáde ní 1965 lórí ìgbà Ìgbòho, obìnrin ni, ọmọ ìyá ọba tí ó wàjà, tí ó jọba nítorí pé kò sí ọmọ ọba ọkùnrin tí ó tó ipò náà í dì mú. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù lẹ́nu àwọn opìtàn ni pé àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ afọbajẹ, kọ̀ jálẹ̀ pé obìnrin kì í jẹ Aláàfin. Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ ní kí wọ́n lọ, kí wọ́n padà wá. Nígbà tí wọ́n dé, ó bọ́ aṣọ níwájú wọn, wọ́n rí ara ọkùnrin, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn tí ó pa ìtàn yìí mọ́ kò fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Akọni lójú ogun ni wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, ẹni tí ó so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè gbá ipasẹ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ó ń di irun bí abilékọ, tí ó ń wọ yẹ̀rì, tí a sì ń pè ní ìyàwó òrìṣà láìsí ẹni tí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ní Èkìtì tí ó múlé ti Òmù-Àrán, ìlú Ìgbómìnà, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó sábà máa ń ṣe adelé. Yóò gbé agbádá wọ̀, yóò dé fìlà, àwọn ìjòyè tí wọ́n tó bí i lọ́mọ yóò sì máa kí i ní Kábíyèsí.

Ṣùgbọ́n kí a má fi irọ́ ti òtítọ́ lẹ́yìn. Òrìṣà ni ó yan ẹlẹ́gùn, ìlú ni ó fi agbádá wọ adelé, bí ọba tuntun bá sì ti jẹ, adelé yóò bọ́ ọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ọmọ tí ń sọ ohun tí ó mọ̀ nípa ara rẹ̀. Ohun tí ìtàn wọn fi yé wa kò ju pé àwọn baba wa mọ̀ pé aṣọ, oyè àti ìkíni lè rékọjá ohun tí a rí lára ènìyàn nígbà ìbí, tí ayé kò sì ní bàjẹ́.

Ọ̀dọ̀ òbí ni ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù wà. Nígbà ẹsẹ̀ntayé, òbí àtijọ́ kì í pàṣẹ fún ọmọ tuntun. Ṣe ni ó ń tọ babaláwo lọ láti bèèrè irú orí tí ọmọ náà yàn wá, nítorí pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Bí ara ọmọ bá yàtọ̀, bí ó bá jẹ́ àfín, abuké tàbí arọ, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì kì í pé Ọbàtálá ni ó mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé àná mọ́ láìlábàwọ́n: ilẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ń pa ìbejì nígbà kan rí, kí wọ́n tó wá sọ wọ́n di ẹni àpọ́nlé, ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn, tí à ń se ẹ̀wà fún. Ó ṣeé ṣe kí ìyá tí kò fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ òun lọ́wọ́ òun wà lára ohun tí ó yí àṣà náà padà.

Níbo wá ni ẹ̀rù tí ń ba òbí Òmù-Àrán ti wá? Apá kan rẹ̀ wá láti ara ààlà. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pín ilẹ̀, Ìlá-Ọ̀ràngún bọ́ sí ìhà Ìwọ̀-Oòrùn, Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ bọ́ sábẹ́ Ìlọrin ní ìhà Àríwá, ọmọ ìyá kan náà sì di ará ìlú méjì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, jókòó ní 1957 sí 1958, àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn ará wọn, ẹ̀bẹ̀ náà kò so èso. Nítorí náà, nígbà tí ìhà Àríwá ṣe ìwé òfin ìjìyà tirẹ̀, tí wọ́n wò láti ara ti Sudan, tí ti Sudan náà sì wá láti ara ti Íńdíà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ó ká àwọn Ìgbómìnà wọ̀nyí mọ́. Abala 405 nínú rẹ̀ ka ọkùnrin tí ó bá múra bí obìnrin ní gbangba mọ́ àwọn alárìnkiri tí a lè jẹ níyà. Ìpínlẹ̀ Kwara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, jogún òfin náà. Bí a bá tẹ̀lé e bí wọ́n ti kọ ọ́, ẹlẹ́gùn Ṣàngó tí ó dirun, tí ó wọ yẹ̀rì, tí ó sì jó gba ọjà Òmù-Àrán kọjá ti di arúfin, láàrin ìlú àwọn baba rẹ̀. Òfin oṣù Kìíní 2014 tí ó ka ìgbéyàwó láàrin ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì léèwọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó dá lé, tún fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù.

Òbí tí ó mọ gbogbo èyí yóò ní ọgbọ́n lọ́wọ́. Yóò gbọ́ ọmọ rẹ̀ tán kí ó tó fèsì. Yóò pa àṣírí mọ́, nítorí àṣírí ọmọ ni, tí etí kejì bá sì gbọ́, ó lè di ọ̀ràn. Yóò kọ́ ọmọ náà ní ibi tí ewu wà lóde láì sọ ilé di ewu fún un. Yóò wá dókítà tí ó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́, nítorí láti ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò lára àrùn ọpọlọ. Kò sì ní fà á lé àwọn tí ń fi ẹgba àti ẹ̀wọ̀n ṣe ìdáǹdè lọ́wọ́. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Bó ti wù kí ọmọ ẹni burú tó, a kì í lé e fún ẹkùn pa jẹ, mélòó-mélòó ọmọ tí kò burú, tí ó kàn yàtọ̀.

Ẹ̀yin òbí Ìgbómìnà, ọmọ Ajagunnlá, bí kò bá tíì yé yín, ẹ máa bèèrè lọ́wọ́ ọmọ yín bí àwọn àgbà ti ń bèèrè nígbà ẹsẹ̀ntayé. Ṣùgbọ́n ẹ má lé e jáde. Ọmọ tí a bá lé nílé, ìgboro ni yóò gbà á tọ́, ìgboro kò sì tọ́ ọmọ yanjú rí.