Irin Tó Ń Wá Àyè

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi. Títún ojú irin ṣe ni iṣẹ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n mú mi kúrò nílé wa ní Alẹ́kùwodò, ní Òṣogbo, a dé ìdí ojú irin, wọ́n sì ki igi ìṣáná bọ àlàfo tó wà láàárín irin méjì. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n ní kí n yọ ọ́. Kò yọ. Wọ́n ní, "Irin ń wá àyè, ọmọ mi. Bí a kò bá fún un, yóò wọ́."

Mo di olùkọ́ ìtàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kò ṣe sáyẹ́ǹsì a máa ní físíìsì kò kan àwọn. Ìtàn Òṣogbo ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ṣáájú ìgbà náà, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Àgbá kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí lórí irin kì í fà lẹ́yìn bí ẹsẹ̀ tó ń rì sínú ẹrẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kan fi ń wọ́ ẹrù ọ̀pọ̀ alábàárù. Omi gbígbóná ló sì ń tì í nígbà náà: omi tó di oru ń wá àyè tó ju ìlọ́po 1,500 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wíwá àyè yẹn ni agbára rẹ̀. Òun ló kó aṣọ dé Òṣogbo, tí àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ń rà á, tí wọ́n ń tà á láwìn láti abúlé dé abúlé.

Ojú irin náà ń wá àyè: irin tó gùn tó mítà 10, bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 30 lé sí i, yóò fi nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta ààbọ̀ gùn sí i. Ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ lórí ìlà kan á máa wá mítà mẹ́ta ààbọ̀. Àlàfo bàbá mi ló gba gbogbo rẹ̀.

Lónìí, Òṣogbo náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ iná mànàmáná Nàìjíríà wà. Ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni iná wa ń lọ tó ń bọ̀ nínú wáyà. Bí ohun tí a ń lò bá ju ohun tí ẹ̀rọ ń pèsè, iye yẹn á máa já wálẹ̀. Bí wọn kò bá tètè dín ohun tí a ń lò kù, gbogbo orílẹ̀-èdè lè ṣókùnkùn. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú yín ni agbẹjọ́rò, oníròyìn àti aṣòfin yóò ti jáde. Ta ni yóò bèèrè ìdí tí iná fi lọ, bí ẹ kò bá mọ ohun tó gbé e dúró?"

Mo ṣì ń mú wọn lọ síbi ojú irin láàárọ̀, pẹ̀lú igi ìṣáná kan. A máa ń dúró de ọ̀sán.